Róòsì Tó Ti Wà Kí Aṣọ Tó Wà

Ní gbogbo ọjọ́ kọkànlélógún oṣù, wọ́n máa ń ná ọjà ńlá kan nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì Tō-ji nílùú Kyoto nílẹ̀ Jápàn. Kōbō-san ni àwọn ará ìlú ń pè é, nítorí Kōbō Daishi, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà tó pa ipò dà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 835 nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn. Àwo wà níbẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, igi òdòdó inú ìkòkò wà níbẹ̀. Òkìtì aṣọ àtijọ́ náà wà, tí wọ́n kó jọ sórí tapólì bí àwọn olókìrìkà wa ṣe ń kó tiwọn jọ. Ẹ̀gbẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni mo dúró sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo ń kàwé nílùú náà, òtútù ti wọ̀ mí dé eegun, ni mo bá rí apá aṣọ kan tó yọ jáde láàárín àwọn tó kù. Elésè àlùkò ni ilẹ̀ aṣọ náà. Òdòdó róòsì kan wà lára rẹ̀ tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ.

Mo fà á jáde. Kìmónò ni, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Jápàn, odindi, apá rẹ̀ gùn, ó sì tutù lọ́wọ́ mi bí omi àmù. Róòsì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn nìkan. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun bíi wàrà, ẹ̀kẹta ní àwọ̀ pupa inú ẹyin. Ewé wọn kò ní àwọ̀ ewé rárá. Dúdú ni, etí wọn rí bí eyín ayùn. Ọ̀pá tí àwọn òdòdó náà wà lórí rẹ̀ gbéra láti etí ìsàlẹ̀ títí dé èjìká, ó ń lọ́ bí ìtàkùn tó ń wá igi tí yóò gùn. Ẹni tó ya àwòrán yìí kò bẹ̀rù àyè. Kò fi òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀ kí ó má baà ṣófo. Ó gbé mẹ́ta kalẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Ìyá arúgbó tó ń tà á na ìka mẹ́ta sí mi: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹ́ẹ̀nì. Ìyá mi kọ́ mi ní ọjà nínà láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò ná an. Mo san owó náà, mo gba aṣọ mi, mo sì gbé e mọ́ àyà mi títí mo fi dé ibi tí mo ti wọ bọ́ọ̀sì.

Ohun tí mo mọ̀ nípa kìmónò nígbà náà kò ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lọ: ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, òdòdó ṣẹ́rì kéékèèké, òwú aláwọ̀ góòlù, aṣọ tí olówó ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tó wà níwájú mi kò jọ wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tú okùn díẹ̀ níbi tí láínín ti so mọ́ etí ìsàlẹ̀, mo sì yọ́ wo ẹ̀yìn aṣọ náà. Mo rò pé n ó rí i pé àwọ̀ ẹ̀yìn ti ràn, tó sì ṣá, bíi ti áńkárá olówó pọ́ọ́kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Róòsì tó wà lójú náà ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mi ò lè sọ èwo ni ojú, èwo ni ẹ̀yìn. Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ òdòdó kọ̀ọ̀kan kò mú ṣáká. Ó ń gbọ̀n, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ kọjá lórí omi tí ènìyàn ń wo òjìji ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó mọ ohun tí mo rà. Meisen ni orúkọ irú aṣọ ṣẹ́dà yìí. Àwọn ìlú ahunṣọ tó wà ní àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Tokyo ló ń ṣe é: Isesaki, Chichibu, Ashikaga, Kiryū, Hachiōji. Ìgbà ọba Taishō, láti 1912 sí 1926, àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Shōwa tó tẹ̀lé e, ni ó gbòde kan jù. Ìdí tí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fi jọ ara wọn rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe: ẹnikẹ́ni kò kun òdòdó sára aṣọ meisen. Òwú ni wọ́n ń kùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi, nítorí ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn aṣọ náà gan-an. Wọ́n á kọ́kọ́ na òwú òòró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán, èyí tí yóò dúró gbọọrọ lójú òfì. Wọ́n á fi òwú mìíràn hun ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí fọ́nrán kankan má baà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pátákó gígùn, wọ́n á gbé ìwé líle tí wọ́n ti gé àwòrán sí lára lé e, wọ́n á wá fi aró tí wọ́n pò kí ó ki bí ẹ̀kọ gbá a kọjá. Ìwé kan fún àwọ̀ kan. Bí róòsì bá ní àwọ̀ márùn-ún, ìwé márùn-ún ni, ìwé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jókòó sí ibi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ jókòó sí gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi oru gbígbóná sè é kí àwọ̀ lè mú. Ìgbà tí òwú náà bá wá dé orí òfì, ahunṣọ á máa fi ọwọ́ tú òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn dànù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń hun òwú ìbú tòótọ́ wọlé. Títú yẹn ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà ní hogushi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn túmọ̀ sí kí a tú ohun tó so. Ní Chichibu, wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí láti 1908. Àwọn ará Isesaki kò dúró níbẹ̀; wọ́n ń kun òwú òòró, wọ́n tún ń kun òwú ìbú, kí àwọ̀ méjèèjì wá pàdé ara wọn lójú òfì.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta ti mọ iṣẹ́ tí gígé àwòrán àti ẹ̀kọ ń ṣe lára aṣọ. Ẹ̀kọ tiwa ń dí aró lọ́nà kí ó má lè wọlé. Tiwọn ló ń gbé aró wọlé. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti wà la fi ń ṣe tiwa. Nínú meisen, òdòdó ti wà kí aṣọ tó wà. Gbígbọ̀n tí mo rí ní òkè àti ìsàlẹ̀ róòsì mi ni ibi tí fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan ti sún díẹ̀, bí irun tín-ín-rín, láàárín ìgbà tí wọ́n kùn ún àti ìgbà tí wọ́n hun ún. Lójú mi, ibẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn wà nínú aṣọ náà. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ẹ̀dà meisen tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí aṣọ lóde òní, etí òdòdó wọn mú bí abẹ, ojú mi kì í pẹ́ lórí wọn.

Òwú náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti 1909, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí orílẹ̀-èdè tó ta òwú ṣẹ́dà sílẹ̀ òkèèrè tó Jápàn. Èyí tó dán jù, tó gùn jù, tí kò ní kókó, èbúté Yokohama ló ń gbà lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ìbọ̀sẹ̀ gígùn obìnrin. Kí ló wá kù sílé? Ilé kòkòrò tó ti lu, tàbí tó ti bàjẹ́. Àti àwọn ilé tí kòkòrò méjì jọ hun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kòkòrò ṣẹ́dà méjì á jókòó síbì kan náà, wọ́n á jọ hun ilé kan yí ara wọn ká, fọ́nrán ti èkíní á lọ́ mọ́ ti èkejì. Kò sí ẹni tó lè fa òwú irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ó dán. Ó máa ń nípọn níbì kan, á tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn, á di kókó. Ọjà òkèèrè kò fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin oko tó ń sin kòkòrò náà ni wọ́n ń fi hun aṣọ tí ìdílé wọn yóò wọ̀, aṣọ líle tó lè jẹ ìyà. Láti ara aṣọ oko yẹn ni meisen ti jáde. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú náà, aró kẹ́míkà tó ń tàn yòò dé láti Yúróòpù, owó aṣọ náà sì wálẹ̀ débi pé ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ olówó kékeré lè ra ọ̀kan fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ni mo máa ń rò nígbà tí mo bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó Tokyo àti Yokohama ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1923, ìlú tuntun ni wọ́n kọ́, iṣẹ́ tuntun sì wà nínú rẹ̀ fún obìnrin: títa ọjà ní ilé ìtajà ńlá, síso ìlà tẹlifóònù pọ̀, títẹ ìwé ní ọ́fíìsì, gbígba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ní 1925, Kon Wajirō, olùwádìí nípa ìgbésí ayé ojoojúmọ́, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dúró sí òpópónà Ginza ní Tokyo, wọ́n ń ka aṣọ tó wà lára àwọn tó ń kọjá. Ọkùnrin mẹ́tàdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ aṣọ òyìnbó. Obìnrin? Ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù, aṣọ ìbílẹ̀ ló wà lọ́rùn wọn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé àwọn obìnrin náà kò tíì lajú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n kùn sára aṣọ ìbílẹ̀ náà. Wọn kò yí bí wọ́n ṣe gé aṣọ padà, òdòdó ni wọ́n yí padà, wọ́n sì yí i padà pátápátá.

Nítorí òdòdó ara kìmónò ní òfin tirẹ̀. Òdòdó púlọ́ọ̀mù ni ó ń ṣíwájú kí òtútù tó tán, ṣẹ́rì á tẹ̀lé e, áírísì nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kiku tó jẹ́ àmì ilé ọba nígbà tí ewé bá ń wọ́. Ó tilẹ̀ dára kí ènìyàn wọ òdòdó náà ṣáájú kí ti orí igi tó là. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, wọ́n á mọ̀. Irú róòsì ńlá olójú púpọ̀ yìí kò sí nínú ètò yẹn. Àlejò ni, àtọ̀húnrìnwá láti òkèèrè, bíi túlípù, bíi dàlíà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní láti wo kàlẹ́ńdà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya róòsì náà gan-an rin ìrìn àjò tó pẹ́. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ayàwòrán Faransé ti rí àwòrán tí àwọn ará Jápàn fi igi tẹ̀, pẹ̀lú òdòdó tó gba ojú ìwé kan tán àti ọ̀pá ewéko tó ń lọ́, wọ́n sì kó o lọ sínú iṣẹ́ tiwọn. Asai Chū, ayàwòrán ará Jápàn, lọ sí ìpàtẹ ńlá àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1900, ó bá àṣà tuntun àwọn òyìnbó yìí pàdé níbẹ̀, ó sì padà wá sí Kyoto ní 1902 láti kọ́ àwọn aṣọ̀nà ìlú náà. Ohun tó ti ilé jáde ló padà wálé pẹ̀lú ohùn tuntun lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa tí a mọ bí orin ìlú ẹni ṣe ń lọ sí ìdàlẹ̀ tó sì ń padà wá.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni ibi tí wọ́n ń wọ aṣọ yìí lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí aṣọ bá ṣe ń ké tó ni òde tí a ó wọ̀ ọ́ lọ ṣe ń tóbi tó. Ẹni tó ní aṣọ olódòdó ńlá, ó ń dúró de ìgbéyàwó, ó ń dúró de ìjáde òkú àgbà. Meisen kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ tóbi tó, wọn kì í wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, nítorí aṣọ ojoojúmọ́ ni ìlànà wọn kà á sí. Ẹ̀wù olódòdó bàǹtà-banta yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ni wọ́n hun ún fún. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, lọ sí ilé ẹ̀kọ́, lọ ra ewébẹ̀. Ó pẹ́ kí èyí tó wọ̀ mí lára. Mo ní aṣọ mélòó nínú àpótí mi tó ń dúró de òde?

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1940, ìjọba Jápàn fòfin de ṣíṣe àti títa àwọn ohun afẹ́, nítorí ogun. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù ti dé orí àtẹ ní Amẹ́ríkà, ọjà òwú ṣẹ́dà sì ti ń kú. Meisen tún jí díẹ̀ lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n ó wá rọra wábi gbà bí aṣọ òyìnbó ṣe ń di aṣọ gbogbo ayé. Àwọn díẹ̀ ṣì ń hun ún ní Chichibu, ìjọba sì ti kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà láti 2013.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe sí tèmi. Ó ní òórùn àpótí àtijọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo ki aṣọ kékeré bọ omi, mo sì ń fi nu etí iwájú rẹ̀ lápá òsì. Inú kìmónò ayé ọjọ́un sábà máa ń ní láínín ṣẹ́dà pupa fòò. Mi ò mọ̀ pé pupa yẹn kì í fara da omi. Kí n tó gbé ọwọ́, ó ti jáde, ó ti wọ inú ilẹ̀ elésè àlùkò náà, ó sì gba ojú róòsì funfun kọjá, ó gùn tó ìka mi. Mo fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, mo fi tẹ̀ ẹ́, kò kúrò. Aṣọ tí ogun kò rí bàjẹ́, tí àádọ́rùn-ún ọdún kò rí bàjẹ́, ọwọ́ mi ni ó ti gba àbàwọ́n. Mo sunkún lórí rẹ̀, mi ò lè parọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn. Gé e. Fi ẹ̀yìn rẹ̀ rán bùbá, fi apá rẹ̀ ṣe gèlè, fi èyí tó kù ṣe ìrọ̀rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n ṣe rán an, mi ò sì rí ibi tí n ó ti abẹ bọ̀ ọ́. Abala mẹ́jọ ni kìmónò: méjì fún ara, méjì fún apá, méjì tó kún iwájú, ọrùn, àti èyí tó bo ọrùn. Gbogbo wọn ni wọ́n gé ní tààrà láti inú aṣọ kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 36 lọ, tí òòró rẹ̀ sì tó mítà 12. Kò sí ibi tí wọ́n ti gé e ní róbótó bí àwọn télọ̀ wa ṣe ń gé ihò apá. Ibi tó bá ti pọ̀ jù, wọn kì í gé e sọnù, inú ojú ìrán ni wọ́n ń ká a sí. Bí wọ́n bá tú u, abala mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á tún padà di aṣọ gbọọrọ bó ṣe kúrò lójú òfì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nà án kí ó gbẹ, wọ́n á sì tún un rán fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gé e ló dá ìrìn àjò yẹn dúró. Mo ká a, mo fi ìwé funfun wé e, mo gbé e wálé sí Ìbàdàn nígbà tí ẹ̀kọ́ mi parí.

Màámi ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ nígbà náà, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí, láàárín òfì. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo tẹ́ aṣọ náà lé ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

"Ta ló kú tí o lọ ra aṣọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Ó ti pẹ́."

"O ò mọ̀ ọ́n, o sì gbé e wọ ilé." Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbé ọwọ́ lé e bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa á, wọ́n fi ìka rìn lójú òwú, wọ́n dúró níbi kókó kan, wọ́n tún rìn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Sányán ni èyí."

Mo ní kì í ṣe sányán, Jápàn ló ti wá. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn mọ sányán, pé ìyá tó bí ìyá àwọn máa ń se ilé kòkòrò rẹ̀ nínú ìkòkò, á sì jókòó ran án ní òwú títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ọwọ́ àwọn kò sì tíì gbàgbé. Sányán baba aṣọ, àlàárì baba ẹ̀wù. Mo fẹ́ jiyàn, mo wá rántí ohun tí kòkòrò sányán jẹ́. Òun náà kì í dá gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń jọ hun ilé kan ṣoṣo sórí igi nínú igbó, fọ́nrán gbogbo wọn á lọ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fà kí ó dán, àfi kí wọ́n ran án bí òwú, pẹ̀lú kókó rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi kò parọ́. Ohun kan náà ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Mo fi àbàwọ́n náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ mú abẹ́rẹ́ àti okùn wá. "Aṣọ tí kò ní ẹ̀yìn," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀. Ohun tí wọ́n rí kò gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àbàwọ́n náà wà lára abala tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún iwájú lápá òsì, èyí tó máa ń wà lókè nígbà tí wọ́n bá wọ̀ ọ́. Bákan náà ni wọ́n gé ti ọ̀tún. Bí ojú àti ẹ̀yìn bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí a ò ní tú méjèèjì, kí a yí wọn padà, kí ti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ti ọ̀tún wá sí òsì, kí àbàwọ́n lọ jókòó lábẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i? Mo ti kà á rí pé báyìí ni àwọn obìnrin Jápàn ṣe ń ṣe é. Mi ò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ṣe télọ̀ fún ogójì ọdún kò nílò kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, lójú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ nìkan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tú ojú ìrán apá, wọ́n sì pè mí pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

"Wá wo bó ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọge."

Aṣọ ti ká sínú ibẹ̀, ó tó ìbú ọwọ́ kan. Oòrùn kò dé ibẹ̀ rí. Elésè àlùkò tó wà níbẹ̀ mú ojú mi fọ́: ó jin, ó tutù, ó ń tàn, tó fi jẹ́ pé èyí tó wà níta, tí mo ti ń yìn láti ọjọ́ tí mo ti rà á, wá dà bí eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abala róòsì kan wà nínú rẹ̀, ewé òdòdó méjì péré, pupa bí ìgbà tí ó ń kúrò lórí òfì. Màámi ní ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní apá gígùn, ẹnì kan ló wá ká a sókè lẹ́yìn náà. Wọ́n ní bí ọmọ bá ń dàgbà, à ń tú etí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Níbí, ẹni náà dàgbà, wọ́n wá ń ká a. Mo sọ fún wọn pé nílẹ̀ Jápàn, ọmọge ni wọ́n ń rán apá gígùn tó ń rọ̀ wálẹ̀ fún, bí obìnrin bá sì ṣe ń di àgbà, tó di ìyàwó ilé, apá rẹ̀ a máa kúrú sí i. Wọ́n wo ewé òdòdó méjì yẹn pẹ́. Wọ́n tún un ká padà síbi tó wà, wọ́n sì rán an pa.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ kí n rí i. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dìde. Mo gbé e lé wọn léjìká lórí bùbá wọn. Òdòdó ẹ̀yìn gba gbogbo ara wọn, nítorí wọ́n ti rù, wọ́n sì ti kúrú sí i. Wọ́n mú iwájú rẹ̀ mọ́ra, wọ́n fi ọ̀tún lé òsì. Àbàwọ́n náà yọ síta. Àyà mi já, kì í ṣe nítorí àbàwọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni aṣọ yìí, òkú nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀tún lé òsì fún.

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo tú u, mo fi òsì lé ọ̀tún, mo sì dì í mú níbẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí, mà. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn."

Wọ́n wo iwájú aṣọ náà nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá òdòdó kò ti bá èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu mọ́ nítorí abala tí wọ́n yí padà, wọ́n fi ọwọ́ tẹ ojú ìrán náà kí ó tẹ́, wọ́n ní òun ló dára jù níbẹ̀, pé ó ti wá dà bíi pé igi náà yọ ẹ̀ka. Wọ́n jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Aládùúgbò kan wọlé wá tọrọ iyọ̀, ìyá mi sì dìde láti bù ú fún un.